Onílé Ni Kò Ní í Gbà

Òwe kan wà tí ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ Yorùbá má mọ̀ ọ́n: àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. N kò mú un wá síhìn-ín láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ ìwé. Mo mú un wá nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nínú yàrá wa ní ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ jọ́gíráfì fi ọwọ́ lu tábìlì, ó sì sọ fún mi pé kí n má ṣe dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí. Ìwádìí lórí odò Òwena ni ó fẹ́ fi gba oyè rẹ̀: iye òjò tí ń rọ̀, bí odò ṣe ń kún, ilẹ̀ tí omi ń bò, ibi tí ó yẹ kí a kọ́lé sí àti ibi tí kò yẹ. Mo bi í léèrè pé èdè wo ni yóò fi bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Omi kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣirò ni omi gbọ́. Ẹ̀yin onímọ̀ èdè, ẹ máa bá oríkì yín lọ."

Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí pé oúnjẹ rẹ̀ ni mo ń jẹ lọ́wọ́. Oúnjẹ náà ti dà nínú mi wàyí, ẹ jẹ́ kí n fèsì.

Òótọ́ ni pé omi kò gbọ́ èdè. Ṣùgbọ́n òwe wa kò sọ pé kí a bá omi sọ̀rọ̀. Ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ omi ni láti wó ilé, kò sì bá a jà. Onílé ni ó kọjú sí. Ìwádìí tí kò bá gbọ́ ohun tí onílé ń wí, tí onílé náà kò sì gbọ́ ohun tí ó ń wí, omi nìkan ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wọ̀n. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Ọmọ Aládé ni mí, ní Ìdànrè. Ẹni tí kò bá dé ọ̀dọ̀ wa rí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Òkè àpáta ni ó yí wa ká. Àwọn babańlá ará Òkè Ìdànrè gbé orí àpáta náà fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè ní ọ̀rúndún ogún. Títí di òní ni àwọn àlejò ń gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 lọ wo ìlú àtijọ́ náà, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì sọ̀kalẹ̀. Ohun tí wọn kì í dúró wò ni ohun tí òjò ń ṣe lórí àpáta. Àpáta kì í mu omi. Bí òjò bá rọ̀ sórí igbó, ewé a gba díẹ̀, ilẹ̀ a mu díẹ̀, ìyókù a rọra wọ odò. Bí ó bá rọ̀ sórí àpáta gbalasa, gbogbo rẹ̀ ni ó ń ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ènìyàn yí agbada dà. Èyí ni à ń pè ní àgbàrá. Ó yára dé, ó yára lọ, ohun tí ó bá sì bá lọ́nà ni ó ń gbé.

Kíkún odò yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Bàbá mi ní oko kòkó, wọ́n sì ní àkúrọ̀ létí odò kékeré kan tí ń lọ bá Òwena. Ní oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá, odò náà a kún díẹ̀díẹ̀, a bo àkúrọ̀, a dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni yóò wá fà. Ilẹ̀ dúdú tí ó bá fi sílẹ̀ ni Bàbá mi ń gbin ẹ̀fọ́ àti ilá sí, àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn, tí ìyá mi ń tà nígbà tí ọjà ti gbẹ tí ẹ̀fọ́ sì ti wọ́n. Owó àkúrọ̀ yìí wà lára owó ilé ìwé mi. Kò sí ẹni tí ń pe kíkún odò yìí ní ìjàǹbá nínú ilé wa. Ọdún tí odò kò bá kún ni Bàbá mi ń fajúro.

Ẹ̀kẹta ni omíyalé. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tí ó jẹ́: omi tí ó ya wọ ilé. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ dákun, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa kí ẹ tó máa wí pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ilé wà nínú rẹ̀. Níbi tí kò bá sí ilé, kò lè sí omíyalé, bí ó ti wù kí omi pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ náà ti bi ọ́ léèrè pé ta ni ó kọ́ ilé sí ọ̀nà omi, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú omi.

Mẹ́ta nìyẹn, n kò tíì dárúkọ irà, abàtà, ọ̀gọ̀dọ̀ àti adágún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀rẹ́ mi ní fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀: "flood".

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé girama, àwọn kan mú irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ wá sí àdúgbò wa. N kò ní dárúkọ wọn. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n kí wa dáadáa, wọ́n sì fún àwọn ọmọdé ní bisikíìtì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìbéèrè wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn yíjú sí Bàbá mi, ó ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó ni omíyalé ti ṣẹlẹ̀ sí yín láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn?"

Bàbá mi ní, "Omíyalé kẹ̀? Kò ṣẹlẹ̀ sí wa rí."

Mo dúró lẹ́yìn ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Mo rí i tí ó kọ 0. Kò bi wọ́n nípa àgbàrá. Kò bi wọ́n bí odò bá ń kún. Kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù. Ẹ wò ó: Bàbá mi kò purọ́, ògbufọ̀ kò purọ́, ẹni tí ó ṣe fọ́ọ̀mù kò purọ́. Síbẹ̀ irọ́ ni ó délé.

Ní ọdún kejì, wọ́n la títì kan gba ẹ̀bá àkúrọ̀ wa. Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀, wọ́n gbé e ga, ojú omi kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi sí abẹ́ rẹ̀, kò fẹ̀ ju ìta ẹsẹ̀ ọmọdé lọ. N kò lè búra pé fọ́ọ̀mù yẹn ni ó tàn wọ́n jẹ. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tí ó bá mọ̀ pé odò ń bo ilẹ̀ yẹn lọ́dọọdún kò ní í ṣe irú ojú omi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹwàá dé, odò kún bí ó ti máa ń kún, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà fà. Omi tí ó máa ń lo ọjọ́ mélòó kan lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó di ọ̀gọ̀dọ̀, ó ń rùn, ẹ̀fọn gba gbogbo àdúgbò. Kòkó kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wà nínú omi. Gbogbo ọmọ kòkó tí Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ó pọ́n léwé tí ó sì kú. Ní òru ọjọ́ kan, Bàbá mi àti àwọn aládùúgbò méjì gbé ọkọ́, wọ́n lọ gbẹ́ títì náà já. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti fà. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti pè wọ́n pé wọ́n ba ohun ìjọba jẹ́, wọ́n sì san owó ìtanràn. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ mi bá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ omi kò kan onímọ̀ èdè, n kò mọ̀ bóyá kí n fi ìwé ẹ̀rí owó náà hàn án.

Ẹ má ṣe rò pé ohun tí mo ń wí ni pé ìwádìí kò tó. Ìwádìí pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Láti ọdún 1959 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti Holland tí à ń pè ní NEDECO ti gbé ìwé ńlá jáde lórí odò Ọya àti odò Benue. Wọ́n parí ìsédò Kainji ní ọdún 1968. Ní ọdún 1976 ìjọba àpapọ̀ pín gbogbo orílẹ̀-èdè yìí sí agbègbè odò, wọ́n dá àjọ sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan; ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ orúkọ odò wa títí di òní, Benin-Owena, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní ìlú Benin. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìkún omi ọdún 2012 pa ènìyàn 363, ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé. Ti ọdún 2022 pa ju 600 lọ.

Mo mọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi yóò wí síyẹn. Yóò ní ìsédò Lagdo tí ó wà ní Cameroon ni ó ń tú omi sínú odò Benue, pé ó yẹ kí a ti kọ́ ìsédò kan sí Dasin Hausa ní Adamawa láti fi gba omi náà, a kò sì kọ́ ọ parí títí ọdún 2022 fi dé. Ó gba ẹ̀bùn. Èdè kò lè kọ́ ìsédò, n kò sì wí pé ó lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ìsédò wà ńkọ́? Wọ́n kọ́ ìsédò Ọ̀yán ní ọdún 1983, odò Ògùn ni omi rẹ̀ ń bá lọ, nígbà tí wọ́n bá sì ní láti tú omi sílẹ̀ ní ìgbà òjò, àwọn ará ìsàlẹ̀ lẹ́bàá Ìṣẹrì àti Agbóyì ni ń ru ẹrù lé orí. Ìṣirò ìyẹn kò le. Ohun tí ó le ni pé kí ìyá tí ń ta ẹja ní Agbóyì gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ní ọ̀rọ̀ tí ó lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ̀n, pé omi yóò dé orókún tàbí yóò dé àyà, àti pé yóò fà ní ọjọ́ kẹta tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Ewu gíga" tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé kò ní orókún, kò ní àyà.

Wọ́n á tún ní àjọ tí ń wo ojú ọjọ́ ti ń túmọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ òjò sí Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Wọ́n ṣe é, ó sì dára. N kò ní fi ẹnu tẹ́ ẹni tí ó ṣe rere. Ṣùgbọ́n ìparí iṣẹ́ ni wọ́n ti pe èdè wá, bí a ti ń pe onílù nígbà tí ìyàwó ti wọlé. Ìtumọ̀ kò lè dá ohun tí a kò béèrè padà. Òdo tí wọ́n kọ sí orúkọ Bàbá mi, bí ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè méje, òdo náà ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìkùnsínú ọmọ àgbẹ̀ Aládé lásán ni èyí, kí ó wo Bangladesh, ilẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé odò ni ó kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ní èdè Bengali, ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ní: borsha ni omi ìgbà òjò tí ń bo oko lọ́dọọdún tí ìrẹsì ń fẹ́, bonna ni èyí tí ń pa ènìyàn. Lẹ́yìn ìkún omi ńlá ọdún 1988, àwọn orílẹ̀-èdè olówó dìde láti ràn wọ́n lọ́wọ́, ìwádìí 26 ni wọ́n sì kó jọ sínú ètò kan. Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn alátakò ètò náà ń wí kò ju pé ẹ fẹ́ fi odi dí bonna, ẹ óò sì dí borsha mọ́ ọn. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti mọ odi yí ilẹ̀ etí òkun wọn ká. Odi náà kọ́kọ́ dára, ìrẹsì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tí omi òkun máa ń gbé wá tẹ́ sórí oko kò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Inú odò ni ó ń dúró sí, odò ń ga sí i, ilẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sí i, òjò tí ó sì rọ̀ sínú odi kò rí ibi gbà jáde. Oko di adágún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1990, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Beel Dakatia, àwọn ará abúlé gé odi náà fúnra wọn. Ní ọdún 1997 wọ́n tún gé ti Beel Bhaina. Omi wọlé, ó da ẹrẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ ga sókè, odò sì jìn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá wò ó, tí wọ́n fún un ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gùn, tí ó sì wọ inú ètò ìjọba. Bàbá mi kò mọ Bangladesh. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka èyí ní ilé ìkàwé, ọkọ́ òru ọjọ́ yẹn ni mo rí.

Àwọn ará Holland fúnra wọn, tí gbogbo ayé ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ omi lọ́dọ̀ wọn, ti padà lẹ́yìn odi gíga nìkan. Ènìyàn 1,836 ni òkun pa ní ilẹ̀ wọn ní ọdún 1953, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ odi. Nígbà tí àwọn odò wọn tún halẹ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1993 àti 1995, wọ́n ní ó tó, kí a fún odò ní àyè. Ní ibì kan tí à ń pè ní Overdiepse Polder, wọ́n fẹ́ kí omi máa gba orí oko kọjá nígbà tí odò bá kún. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ gbé ètò tiwọn sílẹ̀: kí wọ́n kó ilẹ̀ jọ bí òkìtì, kí wọ́n kọ́ ilé àti ilé màlúù sórí rẹ̀, kí omi máa kọjá ní ìsàlẹ̀. Ìjọba gbà á, wọ́n sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Èdè tí wọ́n ń sọ sí màlúù wọn ni wọ́n fi bá ìjọba jiyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó máa ń fi èdè tí ó ń sọ sí ewúrẹ́ rẹ̀ jiyàn pẹ̀lú onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ yìí?

Wàyí o, kí n má ṣe fi ojúṣàájú ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́. Ìmọ̀ àgbẹ̀ ní òpin. Bàbá mi mọ odò kan. Wọn kò mọ ohun tí ìsédò tí ó wà lókè rẹ̀ yóò ṣe lọ́la, òjò tí ń rọ̀ báyìí kò sì fi gbogbo ìgbà tẹ̀lé oṣù tí àwọn bàbá wọn kọ́ wọn. Mímọ òwe náà kò sì gba ẹnikẹ́ni. Ní Ìbàdàn, kò sí ẹni tí kò mọ òwe àgbàrá, síbẹ̀ wọ́n kọ́lé bo etí Ògùnpa, wọ́n sì da ìdọ̀tí sínú rẹ̀, títí odò náà fi dìde ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ ní ìlú kan náà, kò sì bọ̀wọ̀ fún ọ̀mọ̀wé, nítorí pé ó wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ó kó ẹja inú adágún ìwádìí wọn lọ. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò àti dènà ìkún omi níbẹ̀. Òwe kì í kó ìdọ̀tí kúrò nínú gọ́tà. Mo gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ọ̀rẹ́ mi kéré sí tiwa, àwa tí à ń pe ara wa ní akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Ó béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wa, a kò ní in láti fún un. Èmi fúnra mi ti kọ àpilẹ̀kọ mẹ́ta lórí oríkì láti ìgbà tí mo ti wọ ibí, n kò tí ì kọ ojú ìwé kan lórí àkúrọ̀ tí ó san owó mi. À ń kó àwọn ọ̀rọ̀ tí ọba ń lò jọ. Ta ni ó ti lọ bá àwọn ará Ìlàjẹ láti kọ gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pe omi sílẹ̀, omi tí ń bọ̀ àti omi tí ń lọ, omi iyọ̀ àti omi dídùn, ẹrẹ̀ tí ó lè gbé ọ̀pá ilé ró àti èyí tí kò lè gbé e? Ìpínlẹ̀ kan náà ni àwa àti wọn. Àwa wà lẹ́sẹ̀ òkè, àwọn wà lẹ́nu òkun. Ayétòrò wà níbẹ̀, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà kan nítorí iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe. Òkun ti ń jẹ ẹ́ ládùúgbò ládùúgbò. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ odi jáde fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, odi náà kò dé. Àwọn tí ilé wọn ti lọ ń kó lọ sí ìlú mìíràn, àwọn ọmọ wọn yóò dàgbà sí ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi, wọn kò sì ní í nílò orúkọ mẹ́wàá fún un. Àwa náà óò wá kọ àpilẹ̀kọ nígbà náà pé ẹ̀ka èdè kan ń kú lọ.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí ẹ̀ka jọ́gíráfì má ṣe gba fọ́ọ̀mù kankan wọlé tí wọn kò tíì ka sí etí àgbẹ̀ kan ní Yorùbá, kí àgbẹ̀ náà sì sọ ohun tí ó gbọ́. Kí ẹ̀ka tiwa gbà pé ẹni tí ó bá kó ọ̀rọ̀ omi jọ láti abúlé kan ti ṣe iṣẹ́ oyè bí ẹni tí ó kó ẹsẹ Ifá jọ. Kí ìwádìí tí a bá ṣe lórí odò kan padà sí etí odò náà, kí ẹni tí ó ṣe é dúró níwájú àwọn tí ó bi ní ìbéèrè, kí ó sọ ohun tí ó rí fún wọn, kí wọ́n sì ní àyè láti sọ pé irọ́ ni. Mo mọ̀ pé èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni yóò bí àwọn kan nínú.

Mo fi ìwé yìí han ọ̀rẹ́ mi kí n tó fi í ránṣẹ́ sí olóòtú, nítorí pé yàrá kan náà ni a ṣì ń sùn. Ó kà á tán, ó ní mo fi òun ṣe ẹlẹ́yà, ó tún ní iye tí mo kọ síbẹ̀ tọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí ní ìbéèrè kan: bí àgbàrá bá ya wálẹ̀ láti orí òkè ní ọjọ́ tí odò ti kún tẹ́lẹ̀, tí méjèèjì pàdé lórí àkúrọ̀, kí ni ẹ ń pe ìyẹn ní Aládé? N kò mọ̀ ọ́n. Mo pe Bàbá mi lórí fóònù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, kí ẹni tí ó ń béèrè wá sí ọ̀dọ̀ àwọn ní oṣù kẹwàá, kí ó sì mú bàtà rọ́bà dání. Ó ti ra bàtà náà. Gáréèjì Àkúrẹ́ ni a óò ti pàdé.